Ẹ Bi Wá: Awò Ńlá Àkọ́kọ́ fún Ẹ̀yìnkùlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bínókúlà 10x50 ni mo fi ń wo ojú ọ̀run láti ọdún méjì. Mo ti tọ́jú owó báyìí, mo fẹ́ ra awò-awọ̀nàjíjìn tó tóbi. Mo rí ọ̀kan lọ́jà tí wọ́n kọ "ìlọ́po 525" sí lára páálí. Ṣé kí n rà á? — *Olùkàwé kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí náà dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹnu awò náà kò ju 60 mìlímítà lọ. Kí àwòrán tó di bàìbàì, nǹkan bí ìlọ́po 2 ni mìlímítà kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ẹnu 60 kò lè kọjá ìlọ́po 120. Èyí tó kù, ìpolówó ọjà ni. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ ọn tún burú ju lẹ́ǹsì lọ: ẹ fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, Jupiter á máa gbọ̀n bí ewé.

Fífẹ̀ ẹnu ni kí ẹ fowó rà, torí ìmọ́lẹ̀ ni awò ń gbà, bí agbada ṣe ń gba òjò. Awò onídígí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8, ìyẹn 203 mìlímítà, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 11 ti onímìlímítà 60. Irú tí a ní kí ẹ wá ni Dobsonian. Orúkọ John Dobson ni wọ́n fi ń pè é, ọkùnrin tó máa ń gbé awò sẹ́bàá títì ní San Francisco kí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè wò ó. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò le: àgbá awò jókòó sínú àpótí pákó, ó ń yí lórí ike tó ń yọ̀, Teflon. Kò sí mọ́tò, kò sí bátìrì. Inú dígí ni owó yín ń lọ.

Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 203 àti 1200 sí lára. Nọ́ńbà kejì yẹn, ìyẹn mìlímítà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láti orí dígí títí àwòrán fi dá ṣáká, ni ẹ ó fi ṣírò ìlọ́po: ẹ fi mìlímítà tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì ojú, lẹ́ǹsì kékeré tí à ń fi ojú wò, pín in. Lẹ́ǹsì ojú 25 á fún yín ní ìlọ́po 48, 10 á fún yín ní 120. Méjèèjì ló sábà máa ń bá awò wá. Ẹ fi owó díẹ̀ pamọ́ fún 6, tó jẹ́ ìlọ́po 200. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó ti gbádùn òrùka Saturn, àti Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, tí òun náà á máa dà bí òṣùpá tó ń lé tó sì ń wọ̀ọ̀kùn. Ẹ sá fún awò kúkúrú tí àgbá rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ 1000 sí i lára. Lẹ́ǹsì kan ni wọ́n dọ́gbọ́n kì sí ọrùn rẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń ba àwòrán jẹ́.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú lọ ra ínṣì 12 lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè kejì ni mo ń gbé. — *Olùkàwé kan, Èkó*

Ìdáhùn: Ínṣì 12 ń gba ìmọ́lẹ̀ ju 8 lọ ní ìlọ́po 2 àti díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onídígí 8 pẹ̀lú àpótí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 kílò, ẹ ó sì gbé e ní ìrìn méjì. Ti 12 lè sún mọ́ 40. Ẹni tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní òru, tí NEPA ti mú iná lọ, kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láìpẹ́, aṣọ ni wọn á máa sá lé e. Ẹ ra 8. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ tó sì ní àyè lè ronú sí 10, kó ṣáà mọ̀ pé dígí rẹ̀ kì í gba àṣìṣe tó bá dọ̀rọ̀ títò.

Ìbéèrè: Ṣé kò sàn kí n ra oríṣi ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ àríwá? — *Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ìlú òkèèrè ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ní Abẹ́òkúta, ìràwọ̀ àríwá, Polaris, kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n (dìgírì) 7 lọ. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ di ìkúùkù: kò tó bẹ́ẹ̀ ga. Ẹ̀yìn páànù ilé aládùúgbò ló wà, tàbí inú ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò lè tẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 7. Irin tó ń mú un dọ́gba á ti kọ́ lu ẹsẹ̀ kan.

Dobsonian náà ní ìyọnu tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tó bá wà lókè orí gan-an ṣòro fún un, torí àgbá á nàró, kò sì ní mọ ibi tí yóò yí sí. Láàárín oṣù Kìn-ín-ní, ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, ìràwọ̀ Betelgeuse ń gba òkè orí wa kọjá. Ẹ wò ó ní wákàtí kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti èrè, ojú ọ̀run gúúsù ṣí sílẹ̀ fún wa: Omega Centauri, ìdì ìràwọ̀ ńlá nì, ń ga tó ìwọ̀n 35 ní alẹ́ oṣù Kẹrin àti Karùn-ún bí òjò bá fàyè sílẹ̀. Ẹni tó wà ní London kò lè rí i láéláé.

Ìbéèrè: Mo gbé ínṣì 8 mi lọ sí abúlé nínú mọ́tò. Látìgbà náà, gbogbo ìràwọ̀ ló yọ ìrù. — *Olùkàwé kan, Oṣogbo*

Ìdáhùn: Kòtò ojú títì ló ṣe é. Dígí ló yẹ̀, kò fọ́. Ẹ ra Cheshire, irin oníhò kékeré tó ń wọ ibi tí lẹ́ǹsì ojú ń wọ̀. Ẹ tẹ́ àgbá náà ní ìbú, kí irinṣẹ́ tó bá já lọ́wọ́ yín má baà bọ́ lu dígí.

Dígí kékeré tó wà nítòsí ẹnu àgbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Síkúrù kéékèèké mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa dẹ ọ̀kan kí ẹ tó fún òmíràn, títí ẹ ó fi rí èèkánná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di dígí ńlá mú. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí ìdí àgbá. Síkúrù mẹ́ta ń ti dígí ńlá pa, mẹ́ta tó ní sípíríǹgì ń yí i. Ẹ dẹ àwọn atìpa, kí ẹ yí onísípíríǹgì díẹ̀díẹ̀ títí òrùka tí wọ́n lẹ̀ sáàárín dígí á fi bọ́ sí àárín Cheshire gẹ́lẹ́. Lálẹ́, ẹ wo ìràwọ̀ tó ga ní ìlọ́po 200, kí ẹ jẹ́ kó fẹ̀ lójú díẹ̀: àwọn òrùka rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ara wọn ká dọ́gba.

Bí ìràwọ̀ bá ní igun mẹ́ta, èèkánná ló fún dígí pọ̀ jù; ẹ dẹ̀ ẹ́ títí bébà á fi lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ìrù bá wà ní etí nìkan tí àárín mọ́, bí irú awò yìí ṣe rí nìyẹn. Léésà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn kan ń fi to dígí dípò Cheshire lè wọ́ fúnra rẹ̀: ẹ yí i nínú ihò rẹ̀, bí àmì pupa bá ń ya òbíríkítí, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Dígí mi ti ní àmì funfun tótòtó, bíi ti búrẹ́dì tó bu. — *Olùkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Ẹ ń dé e nígbà tó ṣì tutù. Ìrì ló máa ń bò ó, pàápàá bí ẹ bá gbé e jáde láti yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fi ìdérí bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ yọ dígí, ẹ da omi sí i kí eruku ṣàn lọ, kí ẹ wá rọra fa òwú tó rin fún omi àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan kọjá lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Omi batiri tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn. Omi kànga á fi àmì sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ti tó.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ fẹ́ fi í wo oòrùn. — *Olùkàwé kan, Adó-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún wọn, àyàfi bí ẹ bá ní asẹ́ oòrùn tó bo gbogbo ẹnu àgbá, tí ẹ fi teepu dì kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Ẹ yọ awò kékeré atọ́nà kúrò pátápátá. Èyí tí wọ́n ń lọ́ mọ́ lẹ́ǹsì ojú, ooru lè là á sí méjì lójú ẹni tó ń wò, nítorí náà bí ó bá wà nínú páálí yín, ẹ fọ́ ọ dànù.