Ẹ Wọlé, Ọ̀fẹ́ Ni Wíwò: Ìbéèrè Yín Lórí Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé, ọṣẹ dúdú ni mò ń tà. Gálárì kékeré kan wà ládùúgbò wa, òkè ni àtíìsì tó ni ín ti ń ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ ló ń pàtẹ sí. Wọ́n ti so báńà síta pé ìpàtẹ tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó àtàwọn onímọ́tò ńlá ni mo sì ń rí tó ń wọlé. Ṣé èmi tí ò lówó àwòrán lè wọlé? Tí mo bá tiẹ̀ wọlé, kí ni kí n máa wò? Mo yọjú lẹ́ẹ̀kan, orí kan ni mo rí tó ní ojú mẹ́ta, mi ò mọ ohun tó ń sọ. *Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ wọlé jàre! Ọ̀pọ̀ gálárì nílẹ̀ wa, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá wòran, títí kan Nike Art Gallery ní Lekki l'Ékòó níbi tí iṣẹ́ ọnà ti kún láti ìsàlẹ̀ dókè, wọn ò gba owó ìwọlé. Ẹ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní ẹ wá wòran, ó ti tán.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú lẹ́tà yín ni pé Òṣogbo lẹ ti kọ ọ́ wá. Ṣebí Òṣogbo yẹn náà ni Dúró Ládiípọ̀ onítíátà àti Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayo, ilé àwọn eléré àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ sí lọ́dún 1962, àwọn wo ló wá di àtíìsì níbẹ̀? Kì í ṣe àwọn tó ti yunifásítì dé o. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí, eléré ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ tíátà Ládiípọ̀, Jimoh Buraimoh, òun ló ń bójú tó iná fún tíátà yẹn, Àṣírù Ọlátúndé ní tiẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni, òun ló wá ń lu páànù kọ́pà àti alumíníọ̀mù títí tí igi, ẹranko àti ìtàn inú Bíbélì á fi yọ lára ẹ̀. Twins Seven-Seven ńkọ́? Ijó ló ń jó kiri fún àwọn tó ń polówó oògùn kó tó ya síbẹ̀ lọ́dún 1964, òun náà ni UNESCO padà fi ṣe Artist for Peace lọ́dún 2005. Àwọn èèyàn bíi tiyín ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí, ilé yín lẹ ń wọ̀.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ má wá ìtumọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá kan iṣẹ́ Buraimoh tàbí ti ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀nà ẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ni, ó fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ìlà-ìlà, ìlà kan yí ojú po, òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú èèyàn á yọ sí yín, ọkàn yín á lọ sórí adé ọba torí ibẹ̀ lòun náà ti mú un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ Ìbàdàndún, ẹ ti mọ àwòrán kà tipẹ́. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn wà nínú ẹ̀, òpó, síbí, òpó, síbí, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá bò ò ní gba aró. Kò sẹ́ni tó bi yín ní ìtumọ̀ kí ẹ tó ró o.

Ní ti olójú mẹ́ta yẹn, ẹ bi ẹni tó yà á, òkè ló ṣáà wà! Ìdí tí mo fi fẹ́ràn gálárì tó wà nílé iṣẹ́ àtíìsì fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ẹ bi í pé kí ló fi yà á, báwo ló ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta. Tí ò bá sì wù yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fún un, àtíìsì gidi kì í bínú sí i.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ń ya àwòrán. Gálárì kan fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n ní tí wọ́n bá tà á àwọn á mú 40 nínú 100. Ṣé wọn ò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ báyìí? *Bàbá Àtíìsì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Rárá o, Bàbá, 40 ò ṣàjèjì. Àwọn kan ń gba 30, àwọn mìíràn ń gba tó 50. Àwọn ló ni ilé, àwọn ló ń san owó iná, àwọn ló ń pe oníbàárà. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé ta ló máa san owó férémù. Ká ní wọ́n ta àwòrán kan ní ₦200,000, wọ́n á mú ₦80,000, ọmọ yín á gba ₦120,000, àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló fi ₦25,000 ṣe férémù, ₦95,000 ló kù, kò sì tíì yọ owó kánfáàsì àti pẹ́ńtì o. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí owó máa wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á, àti ẹni tó máa san án tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, kí orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe gùn tó àti iye ẹ̀ wà nínú ìwé, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i. Kí ọmọ yín náà má lọ máa tà á ní ẹ̀dínwó lẹ́yìn wọn, iye tó wà ní gálárì ni kó wà nílé.

Ibi tí mi ò ti ní gbà ni tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tún wá mú 40 lórí ẹ̀. Kó gbé àwòrán ẹ̀ padà sílé.

Ìbéèrè: Mo ra àwòrán kan ní ìpàtẹ l'Ékòó, mo fẹ́ gbé e padà sí London. Wọ́n ní wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi ní èápọ́ọ̀tù, ṣé òótọ́ ni? *Ọmọ Èkó, London*

Ìdáhùn: Wọ́n lè dá yín dúró, torí òfin ọdún 1979 ò jẹ́ kí nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú láìgba àṣẹ, ẹni tó wà ní èápọ́ọ̀tù ò sì mọ̀ bóyá tuntun ni tiyín. Ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù, pé kì í ṣe ìṣẹ̀ǹbáyé, l'Ékòó ẹ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Oníkán, ẹ mú rìsíìtì gálárì dání. Ẹ má dúró dọjọ́ tí ẹ máa fò o. Tó bá jẹ́ ère onígi ni, tó wá ṣe bí èyí tó ti gbó, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré rárá. Tí ẹ bá máa ká kánfáàsì, ojú tí pẹ́ńtì wà ni kó kọ sí ìta, kí ẹ ki í sínú páìpù, àmọ́ tí pẹ́ńtì ò bá tíì gbẹ dénú, ẹ má ká a.