Wọ́n ní ìwé ìrìbọmi Bahia ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: báwo ni mo ṣe máa rí bàbá ńlá mi níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àgùdà ni wá, Lafiaji l'Ékòó ni ilé wa, Pereira sì ni orúkọ ìdílé wa. Àwọn àgbà sọ fún wa pé Bahia ni bàbá tó bí bàbá bàbá mi ti dé, pé ó ṣe ẹrú níbẹ̀, pé ó ra ara rẹ̀ padà kó tó wá sílé. Manoel ni wọ́n ń pè é. Bàbá bàbá mi ní tirẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí. Àbúrò mi tó wà ní London ló ní wọ́n ti kó ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà Bahia sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹ “Manoel Pereira” sí i, àwọn tó jáde kò lóǹkà. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiwa? Ṣé wọ́n tiẹ̀ kọ orúkọ Yorùbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ síbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ìkànnì tó ń wí ni FamilySearch, ti ìjọ Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà. Láti 1938 ni wọ́n ti ń ya àwòrán ìwé ìjọ àti ìwé ìjọba káàkiri ayé sórí fíìmù. Nígbà tó di 2021, wọ́n parí kíkó gbogbo fíìmù náà, tó lé ní mílíọ̀nù méjì, sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé àwọn párííṣì Bahia wà lára wọn. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ lẹ máa ṣí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fóun kóun tó bá yín ṣí i, ẹ má dá a lóhùn.

Àmọ́ “Manoel Pereira” tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Lọ́jọ́ tí fadá da omi sí Manoel, bàbá ńlá yín, lórí, kò dájú pé Pereira wà lára orúkọ rẹ̀ rárá. Wọn kì í kọ orúkọ ìdílé fún ẹrú. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ kò ju báyìí lọ: ọjọ́ àti ọdún, orúkọ párííṣì, lẹ́yìn náà “batizei a Manoel, adulto, nação Nagô, escravo de” (mo ṣe ìrìbọmi fún Manoel, àgbàlagbà, ọmọ orílẹ̀ Nagô, ìyẹn Yorùbá, ẹrú lágbájá), kí wọ́n tó wá kọ orúkọ olówó rẹ̀ tán pátápátá, tẹ̀lé e ni orúkọ bàbá ìsàmì, kí fadá tó fọwọ́ sí i. Orúkọ ìdílé, ìgbà tí ẹrú bá gba òmìnira ló máa ń mú un. Ẹlòmíràn á mú orúkọ ẹni tó jẹ́ olówó rẹ̀, ẹlòmíràn á mú ti ẹni mímọ́ tàbí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sìn: dos Santos, de Jesus, da Conceição. Nítorí náà, orúkọ Pereira yín lè jẹ́ ti ẹni tó ra bàbá yín. Manoel lásán, tí kò ní orúkọ ìdílé, tí olówó rẹ̀ ń jẹ́ Pereira, lẹ ń wá. Àpótí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ ìdílé sí, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó ni olówó náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní Bahia, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó ra ara wọn padà ló tún ra ẹrú. Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn ọmọ ilé òrìṣà ibẹ̀ kò lè gbàgbé: Ìyá Nàsó, tí ilé òrìṣà Casa Branca ní Salvador ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé, Francisca da Silva ni. Wọ́n mú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní 1835, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà wá sí Áfíríkà ní 1837. Ẹni tó jókòó sípò rẹ̀ lẹ́yìn náà ni Marcelina da Silva. Ẹni tó bá ka orúkọ méjèèjì á ní ìyá àti ọmọ ni wọ́n, àbí tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Rárá o. Francisca ló ra Marcelina, òun náà ló sì fún un ní òmìnira. Àkọsílẹ̀ párííṣì, ìwé òmìnira àti ìwé ìrìnnà ni àwọn oníwádìí fi tò ó pọ̀. Bí Yorùbá bá lè fi Silva jogún fún Yorùbá bẹ́ẹ̀, ẹ má fi Pereira yín ṣe ẹ̀rí pé òyìnbó ló ra bàbá ńlá yín.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Èkó lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, nítorí ìwé ìjọ tiwa níhìn-ín, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di kéèyàn wọ bàtà. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá yín tí wọ́n bí sí Èkó ni afárá yín. Fadá àkọ́kọ́ tó wá gbé Èkó, Pierre Bouche, ọmọ SMA, ẹgbẹ́ àwọn fadá ajíhìnrere láti ilẹ̀ Faransé, 1868 ló dé. Ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Fadá Borghero yà sí Èkó ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà tó ń ṣe ẹ̀sìn wọn lábẹ́ ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ẹni tí kì í ṣe fadá. Bí wọ́n bá bí bàbá bàbá yín lẹ́yìn 1868, Holy Cross, kàtídírà ìjọ Àgùdà l'Ékòó, lẹ ti máa kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ẹ máa ní Ouidah, tó wà ní ilẹ̀ Benin báyìí, lọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn fadá SMA kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí ní 1861.

Ẹ kọ lẹ́tà sí fadá tó ń bójú tó párííṣì náà, kẹ́ ẹ má kàn yọjú sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì kẹ́ ẹ ní kí akọ̀wé gbé ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún wá. Nínú lẹ́tà náà, ẹ kọ orúkọ, ọdún tẹ́ ẹ rò pé wọ́n bí i (ọdún márùn-ún síwájú, márùn-ún sẹ́yìn), orúkọ bàbá àti ti ìyá tẹ́ ẹ bá mọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dá ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi tiyín tàbí ti bàbá yín sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ inú ilé ló ń béèrè. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà. Ìwé ẹ̀rí tuntun tí akọ̀wé máa ń kọ fúnni kò tó, torí ó máa ń fo ohun tó ṣe pàtàkì jù.

Ohun náà wà ní etí ìwé. Láti Àjíǹde 1908, lábẹ́ òfin tí Póòpù Pius Kẹwàá fọwọ́ sí, bí ẹnì kan bá ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, fadá tó so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí párííṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Òfin yẹn ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Nítorí náà, ojú ìwé kan lè sọ ìgbà tí wọ́n bí èèyàn fún yín, kó tún sọ ibi tó ti gbéyàwó àti ẹni tó fẹ́. Bí wọ́n bá fi Látìn kọ ọ́, kò le tó bó ṣe rí lójú: Josephum ni Joseph, Emmanuelem ni Manoel yín, “patrinus” ni bàbá ìsàmì.

Ẹ kọ orúkọ bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí Manoel bí l'Ékòó, kì í ṣe ti bàbá bàbá yín nìkan. Àwọn Àgùdà kì í mú ẹni tí wọn kò mọ̀ ṣe òbí ìsàmì. Ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ láti Bahia ni, àbí ẹni tí wọ́n jọ gba òmìnira lọ́wọ́ olówó kan náà, tàbí aládùúgbò ní Popo Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó. Tẹ́ ẹ bá dé Bahia tẹ́ ẹ rí ọ̀pọ̀ Manoel, èyí tí àwọn orúkọ yẹn bá tún yí ká ni ẹ máa dojú kọ. Manoel pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n Manoel tó mọ Felicidade, tó tún mọ Gregório kan báyìí, kò lè pọ̀.

Ó tó àkókò kẹ́ ẹ ṣí kọ̀ǹpútà wàyí. Àpótí tẹ́ ẹ tẹ orúkọ sí nígbà àkọ́kọ́, àtòjọ orúkọ ló ń yẹ̀ wò, ìwọ̀nba ìwé ló sì wà nínú àtòjọ náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n kàn ya àwòrán rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì to orúkọ inú rẹ̀. Ẹ wọ ibi tí wọ́n to àwòrán sí, ẹ yan Brazil, Bahia, Salvador, lẹ́yìn náà ẹ yan párííṣì. Ti ìgboro Salvador ayé ìgbà náà kò ju mẹ́wàá lọ: Sé, Santana, São Pedro, Passo, Pilar, Conceição da Praia, Santo Antônio Além do Carmo, Vitória, Penha àti Brotas. Párííṣì tí olówó rẹ̀ ń gbé ni wọ́n sábà máa ń mú ẹrú lọ. Wọ́n lè fi ìwé ẹrú lọ́tọ̀, kí wọ́n fi ti ọmọ olómìnira lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ ka èèpo ìwé kẹ́ ẹ tó máa ṣí i lójú-lójú. Láti 2024, FamilySearch tún ní irinṣẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìkọ̀wé ọwọ́ fúnra rẹ̀, Pọtogí wà lára èdè tó ń gbọ́. Ẹ tẹ orúkọ olówó àti “Nagô” sí i papọ̀. Ó máa ń ṣì í kà, ṣùgbọ́n ó ti yọ mí nínú wàhálà rí. Bí àwòrán kan bá ní òun kò lè ṣí nílé, kì í ṣe pé ó bàjẹ́: àdéhùn tí wọ́n bá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ni pé ibùdó FamilySearch ni kí wọ́n ti máa wò ó. Kí àbúrò yín lọ sí èyí tó wà ní London.

Ìkọ̀wé àtijọ́ máa fẹ́ ṣì yín lọ́nà. “7bro” kì í ṣe oṣù keje o, September ni. “8bro” ni October, “9bro” ni November, “Xbro” ni December. “M.el” ni Manoel, “Ant.o” ni Antônio, “Fran.co” ni Francisco, “Per.a” sì ni Pereira tẹ́ ẹ ń wá. “Crioulo” túmọ̀ sí pé Brazil ni wọ́n bí i sí. Bàbá yín tó ti ilẹ̀ wa lọ, “africano” tàbí “Nagô” ló máa jẹ́. “Forro” tàbí “liberto” ni ẹni tó ti kúrò lóko ẹrú.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé Manoel ti bímọ ní Bahia kó tó wá sílé, àwọn ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Àgbàlagbà tó ti Áfíríkà dé, wọn kì í kọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti orílẹ̀ tí ìyá náà ti wá, wọ́n á kọ bóyá ẹrú ni ìyá náà tàbí olómìnira. Ti bàbá kì í sábà sí níbẹ̀ bí wọn kò bá gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì; “filho natural”, ìyẹn ọmọ tí òbí rẹ̀ kò gbéyàwó, ni wọ́n máa kọ. Bó bá jẹ́ ẹrú ni ìyá ọmọ náà, tí wọ́n sì bí i lẹ́yìn September 1871, ìwé ọ̀tọ̀ ló máa wà, nítorí òfin ọdún yẹn ló sọ gbogbo ọmọ tí ẹrú bá bí di olómìnira.

Ní ti orúkọ Yorùbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, n kò ní fi yín lọ́kàn balẹ̀ lásán: wọn kì í sábà kọ ọ́. “Nagô” ni ohun tí fadá ní í kọ, ìyẹn sì kó Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Kétu gbogbo wa pọ̀ sójú kan. Ẹrú tí wọ́n kó gba Luanda, wọ́n máa ń ṣe ìrìbọmi fún un kó tó wọ ọkọ̀. Tiwa tí wọ́n kó gba Èkó àti Ouidah, Bahia ni wọ́n ti ń ṣe é, lọ́wọ́ fadá tí kò gbọ́ èdè wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kó béèrè ìlú. Ohun tí òfin bíṣọ́ọ̀bù àgbà Bahia ti 1707 ń fẹ́ ni pé kí olówó ẹrú rí i pé wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, kó sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Wọn kò bìkítà nípa ilé bàbá ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ohùn àwọn èèyàn wa ti ń jáde díẹ̀ ni ìwé ìhágún. Ọmọ Áfíríkà olómìnira tó lówó díẹ̀ lọ́wọ́ máa ń kọ ọ́, ó sì máa ń sọ níbẹ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí òun sí, pé párííṣì báyìí ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún òun, pé lágbájá ni olówó òun, nígbà mìíràn pé iye báyìí lòun fi ra ara òun. Ìwé òmìnira àti ìwé ìrìnnà tí àwọn ọlọ́pàá fún àwọn tó ń padà bọ̀ wá sílé náà wà. Àwọn yìí kì í ṣe ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Arquivo Público ti ìpínlẹ̀ Bahia ni wọ́n wà. Àwọn ìwé párííṣì fúnra wọn, ojúlówó tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, Yunifásítì Kátólíìkì ti Salvador ló ń tọ́jú ti ìgboro. Bí àwòrán kan bá ṣú tí ẹ kò rí i kà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí, lédè Pọtogí.

Nítorí náà, ìlú rẹ̀, oríkì ilé yín ló ṣeé ṣe kó gbé e jáde ju ìwé lọ. Bí ìyá àgbà kan bá ṣì wà tó mọ oríkì Manoel, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí ìwé Bahia kò ní sá lọ. Ibojì tó yẹ kó tún sọ nǹkan fún wa, ọ̀pọ̀ ti lọ: itẹ́ Ajélé, tí àwọn àgbà Èkó kan sùn sí, ìjọba wó o ní àwọn ọdún 1970 láti kọ́ ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ tún bi àwọn àgbà bóyá Bahia ni lóòótọ́. Àwọn Àgùdà kan l'Ékòó, Cuba ni wọ́n ti wá, ìdílé Campos tí gbàgede Campos ń jẹ́ orúkọ wọn wà lára wọn. Bí ti Cuba bá ni, “Lucumí”, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, lẹ máa wá dípò Nagô, ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú sì yàtọ̀ pátápátá sí ti òyìnbó. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ló kó púpọ̀ nínú tirẹ̀ sórí ìkànnì Slave Societies Digital Archive, ọ̀fẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n kò sí àtòjọ orúkọ fún èyí tó pọ̀ jù, ojú ìwé lẹ máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ojú ìwé ìrìbọmi bàbá bàbá yín l'Ékòó, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ kí etí ìwé náà hàn dáadáa. Láti ara orúkọ àwọn òbí ìsàmì ni màá ti lè sọ párííṣì tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣí ní Salvador.