Adìẹ tí mo kó dé láti Ìbàdàn ò fẹ́ jẹun

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra adìẹ tó kù díẹ̀ kó máa yé ẹyin n'Íbàdàn, mo kó wọn wá s'Íkẹ̀rẹ́ níbí, inú kéèjì ni mo kó wọn sí. Ọjọ́ kẹta rèé, fíìdì wà níwájú wọn, wọn ò jẹ ẹ́, wọ́n kàn ń wò suu. Ẹnìkan ní kí n lọ ra antibáyótíìkì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná owó yẹn o, mà. Adìẹ tó bá dé ibi tuntun, ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ máa ń fi dúró, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wo fíìdì, ẹ bá mi wo omi ná. Níbi tẹ́ ẹ ti rà wọ́n, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń mumi nínú ike? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé omi wà nínú nípù kéèjì yẹn, ẹnu irin tí omi ń gbà jáde tí wọ́n bá ṣá a, irin kékeré lásán ni wọ́n rí. Adìẹ tí ò bá rómi mu ò lè jẹun, fíìdì gbígbẹ ò ní lọ lọ́fun ẹ̀. Mo máa ń bá a pàdé gan-an ní àwọn fáàmù tí mò ń lọ l'Ádó, ẹlòmíì á ti ra oògùn, á wá pò ó sínú omi kan náà tí wọn ò mu.

Ẹ máa fi ìka tẹ nípù yẹn láàárọ̀ títí omi á fi kán, ohun tó bá ń dán ni adìẹ máa ń ṣá, tí ọ̀kan bá ti mọ̀ ọ́n, àwọn tó kù á wò ó ṣe. Ẹ gbé ike omi sí wọn níwájú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ fi gúlúkóòsì díẹ̀ sí i. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn: tó bá kún tó rọ̀, wọ́n ti jẹ wọ́n ti mu, tó bá le gbagidi, omi ni ò tó.

Fíìdì tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta adìẹ fún yín, kẹ́ ẹ máa pò ó mọ́ tuntun díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Iná gílóòbù alẹ́ tí wọ́n fi ń mú adìẹ yé ẹyin, ẹ má tíì fi kún un ná, tí wọ́n bá ti ń jẹun dáadáa lẹ máa fi ààbọ̀ wákàtí kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi pé wákàtí 16 pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́.

Àmọ́ tí ìgbẹ́ wọn bá ń jáde ní àwọ̀ ewé, tọ́rùn ń lọ́, tàbí tí wọ́n ń kú, ìyẹn kì í ṣe ti ibi tuntun mọ́, ó lè jẹ́ àrùn lúkúlúkú (Newcastle), antibáyótíìkì ò sì lè pa á. Ẹ pe dókítà ẹran tó sún mọ́ yín kíá, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà wọ́n irú àjẹsára tí wọ́n ti gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á.