Kí làwọn ohun àjogúnbá tó yẹ kí èèyàn rí ní Arbroath, ìlú etí òkun ní Scotland?

Àwókù ilé àwọn mọ́ńkì, Arbroath Abbey, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọba William, tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, ló dá a sílẹ̀ ní 1178, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Láti ibẹ̀ ni lẹ́tà ọdún 1320 ti jáde sí póòpù, pé Scotland kò sí lábẹ́ ọba England. Ní 1951, iwájú pẹpẹ ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkúta ìwúyè àwọn ọba Scotland sí, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jí gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní London.

Ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi, Bell Rock, wà lórí àpáta tí ìgbì máa ń bò láàárín òkun. Láti 1811 ló ti ń tànmọ́lẹ̀; iṣẹ́ ribiribi gbáà ni! Signal Tower tó wà ní èbúté ti di mùsíọ́mù ìtàn rẹ̀.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ smokie: ẹja haddock tí wọ́n so ní méjì-méjì, tí wọ́n fi èéfín igi yan.