Ikọ́ fée ọmọ mi, kí ni drip wà fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ikọ́ fée gbé ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, lóru l'Ákùúrẹ́ níbí, kò lè sọ̀rọ̀ tán, ihà ẹ̀ ń wọnú. Ọsibítù fi máàsìkì sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tún wá fa drip. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Rárá o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ́síjìn, lẹ́yìn náà salbutamol àti ipratropium, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, nínú máàsìkì yẹn, ìṣẹ́jú 20 sí 20, wọ́n á tètè fún un ní prednisolone, oògùn tó ń mú kí ọ̀nà èémí tó wú fà, torí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Drip yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ magnesium, ó ń dẹ ọ̀nà èémí, kọ́mọ má baà dé ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni káyà dákẹ́ tí ò dún fée mọ́, ọmọ wá ń tòògbé, àwọn kan á ní ara ẹ̀ ti balẹ̀, irọ́ ni, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì!