"Ọ̀gá wa ní a kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì": ṣé ewu kò lè kan iná wa ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹnjiníà ni mí nílé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń pín iná mọ̀nàmọ́ná. Substation mẹ́rin la ní, ìyẹn ibùdó tí iná ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, yàrá kan ṣoṣo la sì ti ń darí gbogbo wọn láti orí kọ̀ǹpútà SCADA méjì, àwọn tí a fi ń wo ẹ̀rọ tí a sì fi ń pàṣẹ fún wọn láti ọ̀nà jíjìn. Mo kọ̀wé béèrè owó tí a ó fi dáàbò bo àwọn kọ̀ǹpútà yìí lọ́wọ́ háákà, ọ̀gá àgbà kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ta ló tilẹ̀ mọ irú wa. Lóòótọ́, a kì í fi kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ta relay fún wa (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná, tó sì ń ní kí bíréékà já a bí ewu bá dé) máa ń wọlé láti ibi tí wọ́n wà bí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn ará ọ́fíìsì ìṣirò owó náà sì ń rí iye iná tí a pín lójoojúmọ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ṣé ọ̀gá wa jàre? Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá kéré, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín kò jàre, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ti sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Ilẹ̀kùn méjì lẹ ti kà fún mi yẹn: ti ẹni tó ta relay, àti ti ọ́fíìsì ìṣirò owó. Bí ẹni tó wà níta bá lè wọlé wá tún relay ṣe, a jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń bá ayé sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èyí tí mo tún fẹ́ kí ẹ wá ni ìkẹta, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà.

Mo dé ibì kan rí tí wọ́n gbé àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn síwájú mi. Ó mọ́ tónítóní, kò sí okùn kankan tó jáde síta. A wọ yàrá relay, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì kẹta, mo bá modem kékeré kan níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú wérewère, káàdì SIM wà nínú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó to ẹ̀rọ náà ló fi í síbẹ̀ kó lè máa ti ilé wo iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló sì ń san owó dátà rẹ̀ lóṣooṣù láì mọ ohun tó ń sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ukraine fún yín, torí pé ilé-iṣẹ́ apínná bíi tiyín lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, mẹ́ta nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọlù tẹ̀lé ara wọn láàárín àkókò díẹ̀. Nǹkan bí oníbàárà 225,000 ló wà lókùnkùn, àwọn mìíràn fún wákàtí kan, àwọn mìíràn tó mẹ́fà. Ímeèlì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fáìlì Word àti Excel tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣí, tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì tó ní kí macro, àṣẹ tó pamọ́ sínú fáìlì, ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní BlackEnergy gbà wọlé. Iná kò lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí fáìlì náà. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí àwọn ọ̀tá yìí fi ń gbé inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n ń wò, tí wọ́n ń kọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, títí wọ́n fi rí orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn tó máa ń gba VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ibòmíràn, bọ́ sí apá tó ń darí iná. VPN yẹn kò béèrè ẹ̀rí kejì, bíi kóòdù lórí fóònù. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan ti tó.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn òṣìṣẹ́ wà nídìí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì ń wo atọ́ka tó ń rìn fúnra rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, tó ń já bíréékà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró síbi tí mo sọ yìí díẹ̀. Kò sí ohun ìjà àrà kankan tí wọ́n fi já bíréékà. Ojú kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ ń lò lójoojúmọ́ làwọn náà lò, bíréékà sì gbọ́ràn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ba nǹkan jẹ́: wọ́n kọ ìkọkúkọ lé sọ́fítíwíà inú àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń so irinṣẹ́ substation mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹnikẹ́ni má lè ti ọ́fíìsì pàṣẹ fún bíréékà mọ́, wọ́n pa ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́, wọ́n pe fóònù ibi tí oníbàárà ti ń fẹjọ́ sùn léraléra títí tí ojúlówó oníbàárà kò fi ráyè wọlé, wọ́n sì ṣètò kí UPS yàrá ìdarí náà, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, kú, kí àwọn òṣìṣẹ́ alára wà nínú òkùnkùn.

Kí ló dé tí bíréékà fi gbọ́ràn sí àjèjì lẹ́nu? Torí pé èdè tí àwọn ẹ̀rọ wa ń sọ láàárín ara wọn ti pẹ́. Ọdún 1979 ni Modbus, ọ̀kan nínú àwọn èdè náà, jáde, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ wà nínú yàrá kan tí wọ́n sì ti í pa. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ ti ń bi ẹ̀rọ pé "ta nìyẹn?" Ẹni tó bá ti débi okùn, tó sì mọ èdè náà, ti di ọ̀gá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní ìlú Kyiv, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n sọ ní Industroyer sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mọ IEC 104, ó mọ IEC 61850, èdè tí àwọn ẹ̀rọ substation ń sọ, kò nílò ẹni tí yóò jókòó máa tẹ atọ́ka. Apá kan ìlú náà kò ní iná fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Ní ti "ta ló mọ irú wa", ẹ bá mi sọ ti Denmark fún ọ̀gá yín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ 22 nínú ẹ̀ka iná àti agbára níbẹ̀ ni wọ́n wọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gba ojú ihò kan nínú firewall (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) irú kan náà. Àtúnṣe ihò náà ti jáde kí ìkọlù tó dé. Àwọn kan rò pé ẹni tó ta firewall fún wọn ló yẹ kó bá wọn fi àtúnṣe sí i, àwọn kan rò pé tuntun ni, kò lè ní àbùkù, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀rọ náà. Ògiri tó lanu ni aláǹgbá ń wọ̀. Kì í bèèrè pé ilé ta ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ kò ná yín lówó kankan: bébà, bírò àti ẹsẹ̀ yín. Ẹ lọ sí substation mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tẹ̀lé okùn kọ̀ọ̀kan débi tó parí sí, ẹ kọ gbogbo ohun tó ní àdírẹ́ẹ̀sì tàbí eriali sílẹ̀. Ẹ má gba àwòrán àtijọ́ gbọ́. Bí ọmọ kọ̀ǹpútà kan láti ọ́fíìsì bá ní òun á fi sọ́fítíwíà wá gbogbo rẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má gbà. Mélòó kan nínú àwọn PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) àti relay àtijọ́ kò lè fara da irú ìbéèrè wẹẹrẹ bẹ́ẹ̀; wọ́n lè dákẹ́, tàbí kí wọ́n tún ara wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ń gba inú wọn kọjá. Ẹ̀kọ́ tó dára fún ọ́fíìsì lè di ìjàǹbá níbi iṣẹ́ tiwa.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ẹni tó ta relay. Ibẹ̀ ni màá ná owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ sí. Ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ wà ní títì nígbà gbogbo, kí ẹ yọ okùn rẹ̀ pàápàá bó bá ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kí wọ́n pe yín lórí fóònù, kí ẹ mọ ẹni tó ń pè àti ohun tó fẹ́ ṣe, kí ẹ so okùn náà, kí òṣìṣẹ́ yín kan jókòó máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ sì tún yọ ọ́ bí wọ́n bá ti parí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀, ká má rí orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ wọn ń lò. Kí kóòdù tó ń yí padà lórí fóònù wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kí wọ́n má sì bọ́ sórí relay tààrà: kọ̀ǹpútà kan gbọ́dọ̀ wà láàárín, tí wọ́n á kọ́kọ́ dé, tí yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ ohun gbogbo. Ní ọdún 2021, àkáǹtì VPN kan tí wọn kò lò mọ́, tí kò ní ẹ̀rí kejì, ni wọ́n gbà wọ ilé-iṣẹ́ Colonial Pipeline tó ń gbé epo lọ gba inú páìpù ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n tì pa, wọn kò fọwọ́ kan èyí tó ń darí páìpù. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ti páìpù pa fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyẹn gbé mi dé ọ́fíìsì ìṣirò owó yín. Wọ́n nílò iye iná, wọn kò nílò ọ̀nà. Ẹ ṣe é kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ti iye náà jáde sórí kọ̀ǹpútà kan tó wà láàárín, kí àwọn wá gbé e níbẹ̀. Kí firewall kọ gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ yín. Bí owó bá dé lọ́jọ́ iwájú, irinṣẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń lọ síta nìkan, tí kò ní ọ̀nà àbọ̀ rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí pé kò sí ọlọgbọ́n tó lè fi sọ́fítíwíà tan okùn tí kò sí.

Fílááṣì àti laptop: fáírọ́ọ̀sì Stuxnet, tí wọ́n rí lọ́dún 2010, ló ba ẹ̀rọ jẹ́ ní ilé-iṣẹ́ uranium tó wà ní Natanz ní orílẹ̀-èdè Iran, níbi tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, fílááṣì sì wà lára ohun tó máa ń gbé e kiri. Ẹ ya laptop kan sọ́tọ̀ fún relay, kó má rí ímeèlì láéláé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn òfin ọ́fíìsì tí wọ́n máa ń gbé wá bá wa láì yí i padà. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀ nígbà mẹ́ta ní ọ́fíìsì, kí kọ̀ǹpútà tì í síta, ó dára. Lórí kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ fi ń já iná kúrò lára ẹni tí wáyà gbé, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bákan náà ni àtúnṣe sọ́fítíwíà: ẹ dán an wò lára ẹ̀rọ kan tí kò ní iná lórí ná. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ fi ọgbà yí i ká.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé relay yín ńkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé èyí tó ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá ló ṣì wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ yí wọn padà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìtòlẹ́sẹẹsẹ relay síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ewu relay ju kí iná lọ kó tún dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ní Idaho National Laboratory ní Amẹ́ríkà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìdánwò kan: àṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń já bíréékà jẹnẹrétọ̀ dísù kan, tí wọ́n sì ń tún un tì nígbà tí yíyí rẹ̀ kò bá ti iná ìta dọ́gba mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó tó 2.25 megawatt náà gbọ̀n rìrì, ó rú èéfín, ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ ò lè lọ ra irú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Èyí tí mo wá kà sí pàtàkì jù, tí kò sì sí ẹni tó máa ń tà á fún yín, ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ní Ukraine, iná dé láàárín wákàtí díẹ̀ torí pé àwọn ènìyàn wà tó lè wọ mọ́tò lọ sí substation, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ti bíréékà. Lọ́dọ̀ yín, bí ojú kọ̀ǹpútà méjèèjì bá ṣókùnkùn lónìí, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ substation kẹta? Ta ló mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ tì, èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà ní jíjá? Ṣé àkọsílẹ̀ yẹn wà lórí bébà, àbí inú kọ̀ǹpútà tó ṣókùnkùn náà ló wà? Rédíò ńkọ́, bí fóònù kò bá lọ? Ẹ mú ọjọ́ kan tí iná tí ẹ ń pín kò pọ̀, ẹ pa ojú SCADA, kí ẹ sì darí substation kan pẹ̀lú ọwọ́ fún wákàtí méjì. Ojú á tì yín nígbà àkọ́kọ́. Ojú máa ń ti gbogbo wa.

Bí ẹ bá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ẹ má dárúkọ háákà mọ́. Ẹ bi í ní wákàtí mélòó ló máa gbà ká tó dá iná padà láìsí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi àbájáde ìdánwò yẹn síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ta relay, kí ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín ránṣẹ́, àti àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn. Bí wọn kò bá lè kọ ọ́, ẹ yọ okùn náà lọ́jọ́ náà gan-an.