Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Bias Áńpù Gìtá Oní-tíúbù

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni ó fi áńpù Fender Twin Reverb àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, mo ra tíúbù 6L6GC (àwọn gíláàsì tí ń sọ ohùn di ńlá nínú áńpù) tuntun mẹ́rin, mo sì fi wọ́n sí i. Kò pẹ́ tí mo tàn án tí irin inú ọ̀kan nínú wọn fi pọ́n bí ẹyin iná. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n wá kọ́ńtíróòlù bias kàn, kí n sì yí i títí mítà yóò fi ka mílí-áńpíà 45, nítorí pé ìdá 70 nínú 100 agbára tíúbù ni òfin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Olùkà láti Ìbàdàn)

Èsì: Ẹ pa áńpù náà, kí ẹ má sì tún fi ta gìtá títí ẹ ó fi mọ ohun tí ó ń mú irin náà pọ́n, nítorí pé tíúbù tí a bá fi sílẹ̀ báyìí lè ba tiransifọ́mà jẹ́ mọ́ ara rẹ̀, owó tiransifọ́mà Twin kì í sì í ṣe owó kékeré. Ẹni tí ó ní kí ẹ yí i dé 45 kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ fún yín, ìdajì tí kò sọ ni ó sì ṣe pàtàkì jù.

Nínú tíúbù, irin kan wà láàárín tí iná ń mú gbóná, tí wọ́n ń pè ní cathode, ara rẹ̀ sì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń tú jáde. Irin eléérú tí ó yí gbogbo rẹ̀ ká lóde ni plate, èyí tí fóltì ara rẹ̀ nínú Twin tó nǹkan bíi 460, òun ni ó sì ń fa àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà mọ́ra. Bí kò bá sí ohun tí ó ń ká wọn lọ́wọ́ kò, wọn yóò rọ́ lu plate títí yóò fi pọ́n. Ohun tí ó ń ká wọn lọ́wọ́ kò ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní grid, tí a sì ń fún ní fóltì tí ó wà nísàlẹ̀ òdo, bíi 50 tàbí kí ó lé díẹ̀ nínú áńpù yín. Fóltì ìsàlẹ̀ òdo yìí, ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan okùn gìtá, ni a ń pè ní bias. Ẹ̀rọ omi tí a ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ni ẹ kà á sí: bí a bá tì í jù, omi kò ní tètè dé nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, bí a bá ṣí i jù, ilẹ̀ yóò kún.

Bí a bá tì í jù, tíúbù yóò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rọra ta gìtá, ẹ ó gbọ́ ìró kan tí ó ń họ etí lábẹ́ ohùn náà. Ìdí rẹ̀ ni pé apá méjì ni àwọn tíúbù Twin pín sí, tí apá kan ń gbé ìdajì ìgbì ohùn, tí apá kejì sì ń gbé ìdajì tí ó kù. Bí bias bá ti lọ sísàlẹ̀ jù, àlàfo a máa wà níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn lọ́wọ́ ara wọn. Bí a bá ṣí i jù, ẹ ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Tíúbù mẹ́rin ni ẹ fi sí i, ọ̀kan ṣoṣo ni ó pọ́n, bẹ́ẹ̀ orísun bias kan náà ni ó ń bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí orísun náà bá ti kú, bóyá nítorí pé kapásítọ̀ rẹ̀ (ohun tí ń tọ́jú iná pamọ́) ti gbẹ tàbí pé dáyóòdù rẹ̀ ti jóná, gbogbo wọn ni ì bá pọ́n. Bí ó bá jẹ́ méjì tí wọ́n jọ wà lápá kan ni ó pọ́n, ojú mi ì bá kọ́kọ́ lọ sí kapásítọ̀ tí ó ń gbé ohùn wá sí apá náà, nítorí pé bí ó bá ti gbó, ó máa ń jẹ́ kí fóltì tí kò yẹ jò wọ inú grid, kí ó sì pa bias run. Ọ̀kan ṣoṣo ni tiyín, nítorí náà ẹ fi tíúbù tí ó pọ́n àti aládùúgbò rẹ̀ pààrọ̀ àyè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa áńpù tí tíúbù sì ti tutù, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn. Bí pípọ́n bá bá tíúbù lọ sí àyè tuntun, tíúbù ni kò dára, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Bí ó bá jókòó sí àyè àtijọ́, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni àìsàn wà: ihò karùn-ún, tí í ṣe ti grid nínú 6L6, lè ti fẹ̀ tí kò di ẹsẹ̀ tíúbù mú mọ́, tàbí kí resistor (ohun tí ń dín iná kù) kékeré ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ohm tí a jó mọ́ ọn ti já. Kò sí yíyí kọ́ńtíróòlù tí ó lè wo irú èyí sàn.

Ẹ̀yìn tí a bá ti yanjú ìyẹn ni ọ̀rọ̀ 45 tó kàn. Àwọn tí wọ́n ṣe 6L6GC sọ pé plate rẹ̀ lè gba ooru wáàtì 30. Ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ wáàtì 21. Bí ẹ bá fi fóltì 460 pín 21, ẹ ó rí mílí-áńpíà 45 àti díẹ̀. Ibẹ̀ ni 45 ti wá, kì í sì í ṣe ti tíúbù nìkan, ti fóltì ni pẹ̀lú: bí plate tiyín bá wà ní 480, ó ti di 43. Ẹni tí ó bá ń dárúkọ mílí-áńpíà láìwọn fóltì ń méfò ni. Yàtọ̀ sí èyí, òkè àjà ni ìdá 70 jẹ́. Kò sí òfin tí ó ní kí a fi orí kàn án. Áńpù tí a mọ̀ fún ohùn tí ó mọ́ gaara ni Twin, 35 sì ti tó o lójú tèmi.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fara mọ́ 35, iná ilé wa ni. Iná tí ó wà ní ògiri ni ó ń pinnu fóltì plate, iná Ìbàdàn kì í sì í dúró sójú kan. Bí iná bá fi ìdá 8 nínú 100 lọ sókè lójijì, plate yóò ti 460 bọ́ sí bíi 497. Lóòótọ́, bias náà yóò jìn sísàlẹ̀ sí i nítorí pé tiransifọ́mà kan náà ni ó ń pèsè wọn, ṣùgbọ́n kò ní lè dí i tán: áńpù tí a fi sí 45 yóò di nǹkan bíi 50, ooru plate yóò sì tó nǹkan bíi wáàtì 25, nígbà tí èyí tí a fi sí 35 kò ní dé 20. Nítorí náà, ẹ wọn bias nígbà tí iná bá lágbára jù, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n ní alẹ́ tí gílóòbù ń ṣẹ́jú. Bí ó bá sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ń lò fún ìsìn, orí jẹnẹrétọ̀ náà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn áńpù náà wò: bí ó bá jẹ́ fóltì 117 tàbí 120 ní 60 Hz ni wọ́n kọ síbẹ̀, tiransifọ́mà rẹ̀ yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ lórí 50 Hz tiwa, ó sì dára kí fóltì tí amú-iná-wálẹ̀ yín ń fún un dín díẹ̀ sí 120.

Ní ti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, bí ọwọ́ yín kò bá mọ ilé áńpù, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di ohun tí ó ju 400 fóltì mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi resistor fa iná náà tán, yóò sì fi mítà rí i dájú, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni yóò jó resistor ohm kan sáàárín ẹsẹ̀ kẹjọ tíúbù kọ̀ọ̀kan àti ara irin áńpù. Iye mílífóltì tí mítà bá kà lórí resistor náà ni iye mílí-áńpíà tí ń kọjá. Iná screen (grid kejì inú tíúbù) wà nínú iye náà, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́, ó ń pa yín mọ́ ni. Kí spíkà wà lára áńpù ní gbogbo ìgbà, kí gbogbo fólúùmù wà ní òdo, kí ẹ sì ti yí kọ́ńtíróòlù sí ibi tí bias jìn jù kí ẹ tó fi tíúbù tuntun sí i. Ẹ rọra yí i sókè, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún wọn plate ní ẹsẹ̀ kẹta, nítorí pé bí iná tí ń kọjá bá ti ń pọ̀ ni fóltì plate ń sọ̀ kalẹ̀. Tíúbù tí mílí-áńpíà rẹ̀ bá ga jù nínú mẹ́rin ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Kí ẹ wá pa iná yàrá: bí ẹ bá rí àwọ̀ aró tí ń tàn mọ́ra gíláàsì, ẹ má fòyà, kò sí ewu níbẹ̀, bí irin eléérú náà bá ní ojú pupa kan, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹ pa á.

Ohun kan ṣì kù. Lára àwọn Twin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1968, òmíràn wà tí kọ́ńtíróòlù rẹ̀ kì í gbé bias sókè tàbí sílẹ̀. Ó kàn ń mú kí apá méjèèjì dọ́gba ni. Ẹ lè yí ìyẹn títí di ọ̀la, 45 kò ní jáde.

Ìbéèrè: London ni mo ń gbé, áńpù Vox AC30 ni mo ní. Mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí kọ́ńtíróòlù bias kankan. Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ ni? (Olùkà láti Peckham)

Èsì: Wọn kò yọ ọ́, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tíúbù EL84 mẹ́rin tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ń lo resistor kan tí ó wà lábẹ́ cathode wọn. Iná tí ń kọjá nínú resistor náà ni ó ń dá bias sílẹ̀, bí ó bá sì ti ń pọ̀ ni ó ń fún ara rẹ̀ ní ìjánu. Nítorí pé wọ́n jọ ń lò ó, ẹ máa pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Wáàtì 12 ni plate EL84 lè gbà, AC30 sì máa ń lò ó dé góńgó, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń kọjá rẹ̀, nítorí náà kí ó má yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá tètè gbó.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní tíúbù EL34 mẹ́rin. Ẹsẹ̀ wọn bá sọ́kẹ́ẹ̀tì Twin mi mu. Ṣé mo lè fi wọ́n sí i, kí n sì tún bias ṣe? (Olùkà láti Èkó)

Èsì: Ẹ má ṣe é. Resistor ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ohm ti grid tí mo dárúkọ lókè, ẹsẹ̀ kìíní sọ́kẹ́ẹ̀tì ni Fender so orí rẹ̀ kejì mọ́, nítorí pé 6L6 kò ní ohun tí ó ń fi ẹsẹ̀ náà ṣe. EL34 ń lò ó: ibẹ̀ ni grid rẹ̀ kẹta ti jáde, cathode ni ó sì yẹ kí a so ó mọ́. Èkejì, 6L6 mẹ́rin ń gba áńpíà 3.6 láti fi gbóná, EL34 mẹ́rin ń gba 6, láti ara tiransifọ́mà tí a kò ṣe fún un. Bias nìkan kọ́ ni ẹ ó tún ṣe, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti tiransifọ́mà pẹ̀lú ni. Ẹ wá ẹni tí ó ní áńpù Marshall tí ń lo EL34, kí ẹ sì ta tíúbù náà fún un.